Ìmọ̀ràn kíákíá: báwo ló ṣe yẹ kí idà ìgé-ẹní mú tó?

Àdùkẹ́_SE15: Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Sátidé yìí ni ìdánwò tameshigiri, ìyẹn fífi idà Japan gé ẹní tí wọ́n ká, idà mi ò sì gé ẹní já mọ́, àárín ló ń há sí. Báwo ló ṣe yẹ kó mú tó gan-an? Ta lẹ mọ̀ tó lè bá mi pọ́n ọn kí ọjọ́ tó pé? Ẹ dákun.

ỌmọAlágbẹ̀dẹ: Àbúrò, o ò sọ irú irin, o ò sọ bí ẹní ṣe rẹ sí. Idà ìgé-ẹní kì í ṣe abẹ ìfárí. Bó bá mú bí abẹ, ojú ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù. Tó bá kan ọparun tàbí igi tó gbé ẹní dúró, á yọ eyín. Di ìwé ìròyìn mú létí, gbé idà lé e, fà á wálẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó wọlé fúnra ẹ̀, kó lọ tààrà. Ibi tó bá ti fa ìwé ya, ibẹ̀ ló ti kú. Monouchi ni kó o dán wò, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ṣóńṣó. Ìtòsí èèkù ò níṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀.

BàbáTọlá: Ìwé nìkan ò tó. Tan iná, yí ojú idà sókè kó kọjú sí ẹ, máa rọra gbé e síwá sẹ́yìn. Ojú tó mú kì í dán, torí kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ máa bà lé. Bó o bá rí ìlà funfun bí òwú aláǹtakùn, ó ti kú níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ń tàn, eyín ló yọ.

IrinPupa: Ẹ má gbé idà fún oníbẹ́líìtì o, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ bẹ́líìtì pọ́n irin! Ẹni tó bá mi ṣe tèmi fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ìtòsí ṣóńṣó di búlúù. Irin tó bá di búlúù ti gbóná tó nǹkan bí 300 dígírì, líle ẹ̀ ti lọ, kò ní di mímú mú mọ́. Ó tún lọ niku kúrò, ẹran tó wú díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú idà, tó ń gbé e ró.

Ògúndélé: Ẹ̀rọ kọ́ ló jẹ̀bi. Tó bá ń rì í sómi lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, kò ní gbóná.

IrinPupa: Ẹ̀gbọ́n, ojú tó fẹ́lẹ́ yẹn á ti jóná kí ìka tó mọ̀ ọ́n. Òkúta ìpọ́n 1000 àti 3000 (nọ́ńbà bí wọ́n ṣe kúnná tó) pẹ̀lú omi ni, kí ọwọ́ máa tẹ̀lé bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe wú.

Ògúndélé: Ẹni tí kò mọ òkúta lò á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Niku kan náà lá lọ.

Jídé_Leeds: Tó o bá fẹ́ ra tuntun, rántí òfin 2008 ní England: idà tó tẹ̀, tó gùn tó 50 cm, wọn ò gbọdọ̀ tà á, àfi bíi èyí tí wọ́n fọwọ́ rọ lọ́nà àtijọ́.

Àdùkẹ́_SE15: Mi ò fẹ́ rà o. Irin 1060 ni, irú irin oníkábọ́ọ̀nù kan. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi rẹ ẹní.

ÌyáKesa: Wákàtí mẹ́rin kẹ̀! Omi ò tíì dé inú. Ká tatami omote kan (ẹní koríko Japan) le, dè é lọ́nà mẹ́rin, rì í sómi di ọjọ́ kejì, gbé e nàró kómi ro fún wákàtí kan. Àárín tó gbẹ ló ń di idà mú. Wo ojú ibi tó o gé: bí koríko bá fà ya bí irun, idà ò mú. Bó bá mọ́, ṣùgbọ́n tó tẹ̀ wọnú bíi ṣíbí, hasuji ló bàjẹ́: ọ̀nà tí ojú idà kọ sí àti ọ̀nà tí apá ń fà á gbà yàtọ̀ síra.

Àdùkẹ́_SE15: Ó mọ́, ó tẹ̀ bíi ṣíbí. Ìwé náà gé tààrà.

ÌyáKesa: Idà rẹ mú tó nìyẹn. Má pọ́n ọn. Rẹ ẹní tuntun lálẹ́ yìí, fi ọjọ́ tó kù gé kesa (ìgé ìdagun láti òkè wálẹ̀) ní 45 dígírì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àdùkẹ́_SE15: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó ní òun á fi ẹ̀rọ pọ́n ọn fún mi lọ́la. Ọkàn mi á balẹ̀ síi.

IrinPupa: Áà! Oníbẹ́líìtì?

ỌmọAlágbẹ̀dẹ: Ó dáa, sọ fún un kó má kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rárá. Tó o bá gbé e dé, fi àtàǹpàkò tẹ mekugi, èèkàn tó di idà mọ́ èèkù, kó o tó gé ohunkóhun. Tí èèkàn ọparun yẹn bá mì, má gbé idà náà sókè.