Leica M2 ni mo mú, mo fi M3 sílẹ̀ fún ẹlòmíì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra rangefinder (kámẹ́rà téèyàn ń wo inú ihò ẹ̀, tó ń rí ohun kan ní méjì títí téèyàn á fi yí lẹ́ǹsì kí méjèèjì di ọ̀kan), ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí mo rí i pé orúkọ kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ ń lé kiri, bẹ́ẹ̀ ojú ẹni àti lẹ́ǹsì tó bá ọwọ́ ẹni mu ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Èmi ń lo awò ojú, mi ò kì í bọ́ ọ, lẹ́ǹsì 35mm, tó ń mú ibi tó fẹ̀ ju ti 50mm lọ, ni mo sì fẹ́ràn jù torí òde ìkómọ àti ìgbéyàwó àwọn èèyàn wa ní London níbí ni mo máa ń ya, gbọ̀ngàn á kún fún àga débi pé kò ní sáyè téèyàn máa fi sún sẹ́yìn.

Yashica Electro 35 ni mo kọ́kọ́ lò. Lẹ́ǹsì ẹ̀, 45mm f/1.7, dáa gan-an o, àmọ́ kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ló ń yan ìyára ṣọ́tà (bó ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé), tí bátìrì bá sì ti kú 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá nìkan ló kù, kí lèèyàn fẹ́ fi 1/500 ṣe nínú gbọ̀ngàn tí iná ò tó? Ni mo bá bọ́ sórí Canonet QL17 GIII, èyí tí Canon gbé jáde ní 1972. Ìyẹn kéré, fíìmù ò nira láti kì sí i, tí bátìrì bá tán o ṣì lè yan ìyára fúnra ẹ. Bátìrì mercury 1.35V tí wọ́n ṣe é fún ni ò sí lọ́jà mọ́, èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí jẹ́ 1.5V, ó dẹ̀ máa ń mú kí mítà tó ń wọn iná ṣì í wọ̀n. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ṣá, kìkì pé lẹ́ǹsì 40mm ẹ̀ ò ṣeé yọ.

Nígbà tó kan Leica, wọ́n gbé M3 àti M2 síwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Hẹ̀n, M3 yẹn! 1954 ló jáde, ojú ihò tá à ń wò ẹ̀ (0.91, ìyẹn ni pé nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi níbẹ̀ bí ojú lásán ṣe ń rí i) tóbi, ó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Mo wo bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń tà á, mo rí i ní méjì, mo rọra yí lẹ́ǹsì, àwọn méjèèjì wọnú ara wọn di ẹyọ kan, kò sí pé bóyá ó ti mọ́ tàbí kò tíì mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ 50mm tàbí 90mm ló ń lò, kó má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ilà tó ń fi ibi tí fọ́tò máa mú hàn nínú ihò náà, ti lẹ́ǹsì 50, 90 àti 135 ló wà níbẹ̀, kò sí ti 35, àfi kéèyàn wá lẹ́ǹsì 35 tí wọ́n ṣe ojú gíláàsì mọ́ lórí, tó ń bo iwájú ihò náà.

M2 ní tiẹ̀ jẹ́ 0.72, ó ní 35, 50, 90. Mo gbé e sójú pẹ̀lú awò mi, mo rí ilà 35 yẹn, bí mo bá tiẹ̀ máa yí ojú díẹ̀ kí n tó rí igun ẹ̀ tán. Ó tán! Òun ni mo ń lò títí dòní. Ẹ̀yin aláwò ẹlẹgbẹ́ mi, irin lásán ni etí ihò M2 àti M3, ó máa ń ha awò, ẹ wá rọ́bà róbótó kékeré lẹ̀ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó gbé e jáde.

Ẹni tó bá ń lo Leica M6 pẹ̀lú awò, ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ máa ń rí ilà 28mm ẹ̀ tán? Àbúrò mi kan ló fẹ́ rà á, òun náà aláwò ni.