"Òfurufú-ilẹ̀" ni mo fara mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á máa pe apá òfurufú tó wà lókè orílẹ̀-èdè kan, tí ìjọba ibẹ̀ láṣẹ lé lórí ("airspace" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ní "ojú ọ̀nà òfurufú" ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n, mo júbà yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbé e. Ibi tí bàálù ń gbà kọjá ni ọ̀nà. Ohun tí a ń wá orúkọ fún gbòòrò ju ọ̀nà lọ: bàálù ìbáà gba ibẹ̀, ìbáà má gba ibẹ̀, ó lólúwa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Niger. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú ibẹ̀, lóṣù keje ọdún 2023, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Ààrẹ Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, ní kí bàálù akérò má lọ síbẹ̀ mọ́, kó má sì ti ibẹ̀ bọ̀. Wọ́n tún ń halẹ̀ ogun. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, àwọn ológun náà ti òfurufú wọn pa. Bàálù tó gbéra l'Ékòó tó ń lọ sí London, orí Niger àti Algeria ló sábà ń gbà. Kò ní balẹ̀ sí Niamey, èrò inú rẹ̀ kò lẹ́jọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó di dandan kó yí Niger po, kó sì jó epo sí i, títí wọ́n fi ṣí i lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án.

Ilẹ̀ ló fún wọn lágbára yẹn. Àdéhùn Chicago ọdún 1944, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìrìnnà bàálù, sọ ọ́ kedere pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ pátápátá lórí òfurufú tó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí á pè é ní "òfurufú-ilẹ̀". Ó tún máa ń jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òfurufú tó wà lórí agbami, tí kò sí ìjọba kankan tó ni ín. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ fún South African Airways láti máa gba òkè wọn kọjá láti ọdún 1963, nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, orí òkun ló ń gbà yí Áfíríkà po lọ sí Yúróòpù, tó wá ń yà mu epo ní erékùṣù Sal ní Cape Verde.

Ní ti "owó bodè" tí àbúrò kan mú wá fún owó tí bàálù ń san bó bá kọjá lókè ìlú onílùú, ó dùn létí, ṣùgbọ́n aṣọ́bodè ni ìwé ìròyìn ń pe òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ọkàn èèyàn á sì lọ sórí ẹrù. "Owó ìkọjá" ni kó jẹ́. Bàálù Amẹ́ríkà tó ń lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ń san án fún Kúbà, bí àárín ìjọba méjèèjì kò tilẹ̀ gún.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni "tì pa" àti "tì mọ́". Niger ti òfurufú-ilẹ̀ rẹ̀ pa: kò sẹ́ni tó lè gbabẹ̀. Pakistan ti tirẹ̀ mọ́ àwọn bàálù Íńdíà lóṣù kẹrin ọdún 2025, Íńdíà náà sì ti tirẹ̀ mọ́ ti Pakistan, ṣùgbọ́n bàálù àwọn ará ibòmíràn ń kọjá. Oníròyìn tó bá kọ "tì pa" níbẹ̀ yóò já ẹni tó fẹ́ bá bàálù Emirates ti Dubai lọ sí Delhi láyà lásán. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí méjì yìí.