Kí ni mo lè fi àgékù áńkárá rán tó máa tà, tí oníbàárà ò sì ní bá mi jà?

Ìyá Ìbejì Àpáta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Télọ̀ ni mí, Àpáta n'Íbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo ní àpò Ghana-must-go méjì tó kún dẹ́nu fún àgékù áńkárá, tí mi ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i eku ló máa fi ṣelé. Mo wá ní kí n máa fi rán skrọ́ǹṣì (rọ́bà ìdirun tí wọ́n fi aṣọ bò) àti hẹ́díbáǹdì àwọn ọmọdé. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé skrọ́ǹṣì mi ń le gbagidi bíi páálí, kì í ṣù bí èyí tí wọ́n ń tà, hẹ́díbáǹdì ní tiẹ̀ ń yọ̀ kúrò lórí ọmọ, ọmọ á kàn máa fọwọ́ tì í sókè ṣáá.

Èyí tó tiẹ̀ wá dùn mí jù rèé. Oníbàárà mi kan gbé aṣọ ẹbí wá, mo rán ìró àti bùbá ẹ̀, èyí tó kù ò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì mẹ́ta lọ, mo fi rán hẹ́díbáǹdì fún ọmọ aládùúgbò mi. Àfi bí ọmọ yẹn ṣe tẹ̀lé ìyá ẹ̀ débi ìnáwó yẹn! Oníbàárà mi bá pè mí láàárín èrò, ó ní "Ìyá Ìbejì, ṣé aṣọ mi lẹ wá ń gé tà?" Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Látìgbà yẹn kò yà sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ẹ pẹ̀lẹ́ Ìyá Ìbejì. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti skrọ́ǹṣì. Ṣé ẹ fọ áńkárá yẹn kẹ́ ẹ tó gé e? Áńkárá tuntun ní sítáàṣì lára, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, á rọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ń lẹ gọ́ọ̀mù-stéè (èyí tí wọ́n ń fi áyọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè le) mọ́ ọn, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ o, skrọ́ǹṣì ò fẹ́ stéè kankan. Tèmi, ínṣì 4 ni fífẹ̀, 22 ni gígùn, rọ́bà tínńrín ínṣì 7. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣù ni pé aṣọ gùn tó rọ́bà lọ́nà mẹ́ta. Àgékù tí ò bá tó, ẹ so méjì pọ̀, aláwọ̀ méjì gan-an làwọn ọmọge ń dù.

Ẹ ṣẹ́ ẹ po kí ojú aṣọ wà nínú, ẹ rán ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ fi pín-ìnì kọ́ ẹnu kan, ẹ máa tì í lọ nínú títí á fi yọ lódìkejì, aṣọ á yí padà tẹ̀lé e. Pín-ìnì yẹn náà lẹ máa fi ki rọ́bà wọlé. Tẹ́ ẹ bá so orí rọ́bà pọ̀, kí máṣíìnì lọ kó bọ̀ lórí ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ibẹ̀ ló máa ń já. Ọjà Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ra rọ́bà, ní odidi róòlù.

Hẹ́díbáǹdì: áńkárá kì í nà, torí ẹ̀ ẹ má gé e tààrà, láti igun dé igun ni, báyáàsì. Ẹ wọn àyíká orí ọmọ, ẹ yọ ínṣì 2 kúrò, kí ínṣì 5 nínú èyí tó kù jẹ́ rọ́bà ní ìpàkọ́. Ti oníbàárà yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ o.

Àlàbá Bódìjà
Èmi ò mọ abẹ́rẹ́ dì mú o, ẹni tó ń gbé aṣọ wá fún télọ̀ ni mí. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ má bínú, ẹ ń jẹ aṣọ wa! Ìyá Ìbejì, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ méjì yẹn ló dun obìnrin yẹn o. Ọmọ ẹni tí ò san owó aṣọ ẹbí ló gbé aṣọ ẹbí sórí wọ ìnáwó 😂 ẹ ò rí i pé àwọn tó sanwó á máa bèèrè. Télọ̀ tèmi, tó bá parí agbádá mi, á di èyí tó kù sínú ọ̀rá á fi lé mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ fa apá agbádá mi ya, àgékù yẹn la fi lẹ̀ ẹ́, ẹ ò lè mọ ojú ẹ̀.

Ọmọ Ọjẹ́
Òótọ́ ni bọ̀dá Àlàbá sọ. Èmi, mo máa ń bèèrè kí n tó ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ: "Mà, ṣé kí n fi èyí tó bá kù rán nǹkan irun fún ọmọ yín?" Kò tíì sẹ́ni tó ní rárá. Ọ̀fẹ́ ni mo ń ṣe é, kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì ọ̀rẹ́ wọn á ti pè pé òun náà fẹ́ rà. Aṣọ ẹbí ní tiẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án àfi tí ìnáwó bá ti kọjá.

Tẹ́ ẹ bá sì rí àgékù aṣọ òkè, ẹ má dà á nù. Mo ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń rán fìlà, mo sì ń ra díẹ̀ lọ́jà Ọjẹ́ tí wọ́n ń ná ní ìtàdógún, bóò-táì ọmọkùnrin ni mo ń fi ṣe. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè máa ń tú, bẹ́ ẹ bá ti gé e báyìí òwú ẹ̀ á máa já bọ́ bí irun ewúrẹ́. Ibí ni stéè ti wúlò, ẹ lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé. Àwọn kan ń fi ìṣáná jó etí ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa òwú kan yọ kẹ́ ẹ dáná sí i: tó bá yọ́ tó dì róbótó, ọ̀rá ni, iná á yọ́ etí ẹ̀ pọ̀, kò ní tú mọ́. Tó bá jó di eérú tó ń rùn bíi bébà, òwú gidi ni, ẹ gbé ìṣáná yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Shain-shain ara ẹ̀ náà ò fẹ́ áyọ̀nù tó gbóná, ẹ tẹ́ aṣọ lé e lórí.

Ìyá Ìbejì Àpáta
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo fọ mẹ́rin nínú àgékù yẹn lánàá, mo gé e bẹ́ ẹ ṣe wí, ó ṣù o! Bọ̀dá Àlàbá, mi ò tiẹ̀ ronú dé ibi owó aṣọ ẹbí yẹn rárá. Ó ku ìrépé kékeré kan lọ́wọ́ mi nínú aṣọ obìnrin yẹn, bóò irun kan péré ló lè jáde ńbẹ̀, mo fẹ́ gbé e lọ bá a nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n pè é kí n tó lọ?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ẹ má pè é. Ẹ kàn lọ, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ìbejì dání.