"Ìṣojú ẹ̀yà" ò tíì jinná

Láti Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó ní ká máa fi Yorùbá pe bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe ń wọlé aṣòfin ní "ìṣojú ẹ̀yà" gbìyànjú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún un sè.

"Ẹ̀yà" kọ́kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 10 ló wà ní Ìlà-Oòrùn Ọ̀ṣun, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà ló sì jọ ní ìjókòó sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Bí Ìjẹ̀ṣà bá ní "ó kàn wá", ṣé ẹ̀yà ló ń jà fún? Ìlú ni. Ìgbò, Haúsá, Yorùbá, ẹ̀yà nìyẹn. Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ńkọ́? "Ìran" lèmi á pe tiwọn. Àwọn kan fẹ́ "àwọ̀", ṣùgbọ́n nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì lè dúdú, ó lè funfun. "Àwọ̀" á já a sílẹ̀.

"Ìṣojú" gan-an nìṣòro. "Ó ṣojú mi" ni pé mo wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. "Ó ń ṣojú mi l'Ábùjá" ni pé ó ń gbẹnu sọ fún mi níbẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ló sọ pé ọmọ wa lẹni tó wà níbẹ̀? Lọ́dún 1870, Joseph Rainey di aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ nílé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà, láti South Carolina. Òyìnbó ló ń ṣojú àgbègbè náà ṣáájú rẹ̀. Ìṣojú ti wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn aláwọ̀dúdú ni ò lẹ́ni níbẹ̀. Mo dábàá "ìlẹ́ni", ìyẹn ni kéèyàn ní ẹni tirẹ̀ níbẹ̀, òdì rẹ̀ á jẹ́ "àìlẹ́ni".

Ìdáhùn láti Iléṣà:

Ẹ̀gbọ́n, mo gba "ìran", mo gba "àìlẹ́ni". "Ìlẹ́ni" ni ò wọ̀ mí létí. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò bí àwọn oníròyìn ṣe máa ń ṣe, ẹni tó ń kà á lórí rédíò á pe "ilé ni". Ilé ni nílé aṣòfin! Ẹ jẹ́ ká sọ "níní ẹni", kó yéni.

Ẹ sì tún fi Niu Sílándì dán an wò. Ìjókòó 4 nílé aṣòfin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, lọ́dún 1867. Ó ti di 7. Ìwé olùdìbò Māori lọ́tọ̀ ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, ẹni tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ Māori nìkan ló lè forúkọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kí olùdíje fúnra rẹ̀ jẹ́ Māori. Ìṣojú ni òfin ṣe ìdánilójú rẹ̀ níbẹ̀. Níní ẹni wà lọ́wọ́ olùdìbò. "Ìjókòó àyàsọ́tọ̀" ni màá pe 7 yẹn, kì í ṣe "ìjókòó ẹ̀yà".