Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tú sìtíárìn ọkọ̀ àtijọ́ nílé, kí lojú yín rí?

Awakọ̀-Òru: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ mi ti pé ọdún 24. Bí mo bá yí sìtíárìn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí táyà tó dá a lóhùn. Bí mo bá kó sí kòtò, ẹsẹ̀ òsì iwájú á dún kọ̀, kọ̀. Ilé ni mo fẹ́ ti tún un ṣe.

Ọwọ́-Gírísì: Tie rod end, ìyẹn oríkèé orí ọ̀pá tí sìtíárìn fi ń yí táyà, ló fa irú ẹ̀ fún mi. Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, mo ki irin ìdúró bọ abẹ́ rẹ̀, mo wá di táyà mú lọ́tùn-ún lósì, níbi tí 9 àti 3 máa ń wà lójú aago, mo mì í. Ó ń yẹ̀ lóòótọ́. Rọ́bà orí rẹ̀ ti ya, omi ti wọ̀ ọ́, gírísì inú rẹ̀ ti dà bí ẹrẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì tán, ó kọ̀, kò jáde. Ó tó wákàtí méjì tí mo fi ń lu ẹnu bóòtù kí n tó gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ irin tó gbé e mì là ń lù. Gbàù, gbàù, ẹ̀ẹ̀mejì péré, ó já bọ́.

Onísùúrù: Ṣé ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ yí i kó tó jáde lára ọ̀pá ẹ̀?

Ọwọ́-Gírísì: Mo kà á. 17 ni, 17 náà ni mo yí tuntun wọlé. Síbẹ̀ ọkọ̀ ń fà sọ́tùn-ún.

Onísùúrù: Á fà kẹ̀. Tuntun àti àtijọ́ kì í sábà gùn dọ́gba. Kíkà yẹn ò ju kẹ́ ẹ lè wà á dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe alignment (títo táyà kó lè máa lọ tààrà) lọ.

Baba-Sípánà: Okùn ni mo ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti fi ṣe alignment tèmi. Ọdún 6 rèé, táyà mi ń jẹ dọ́gba.

Onísùúrù: Okùn kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyẹn.

Baba-Sípánà: Àwọn tó ń tún ọkọ̀ eré ìje ṣe ṣì ń fa okùn dòní. Ẹni tó bá ní sùúrù ló wà fún.

Ìyá-Ọlọ́kọ̀: Họ́ọ̀sì páwà, ìyẹn rọ́bà tí epo tó ń mú sìtíárìn fúyẹ́ ń gbà kọjá, ni èmi pààrọ̀. Bí mo ṣe ta ẹ́ńjìnì, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn, epo inú ike ń hó yaya. Afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́. Mo gbé táyà iwájú sókè, mo pa ẹ́ńjìnì, mo ń yí sìtíárìn láti òpin dé òpin, ọmọ mi ń pariwo pé, “Mọ́mì, ó ṣì ń hó!” Ó tó ìgbà 20 kó tó dákẹ́.

Baba-Sípánà: Epo wo lẹ dà sí i? Ọkọ̀ kan ń mu ATF, ìyẹn epo gíá ọ̀tọ́mátíìkì, òmíràn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ìyá-Ọlọ́kọ̀: Èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike ni, sà.

Awakọ̀-Òru: Mo ti mì í ní 9 àti 3, kò yẹ̀. Àmọ́ ní 12 àti 6, ó ń yẹ̀.

Ọwọ́-Gírísì: Háà! Ẹ má wà á mọ́ o. Bó bá jẹ́ ball joint, ìyẹn oríkèé tó di ẹsẹ̀ táyà mú, tó bá já, ńṣe ni táyà á ya síta. Tèmi já níbi tí mo ti ń fi rìfáàsì jáde nílé, ara mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ká ní eré ni mo ń sá ńkọ́?

Awakọ̀-Òru: Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe bearing tí táyà fi ń yí?

Onísùúrù: Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tún mì í. Bó bá dúró gbọn-in, bearing ni. Bó bá ṣì ń yẹ̀, ball joint ni. Kẹ́ ẹ sì ra píìnì tuntun tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì ẹ̀ tú, ẹ má tẹ ti àtijọ́ padà.