Yíyọ̀ kọ́ ni àpáta yẹn ń yọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa ní ká máa pe toppling, ìyẹn kí àpáta tẹ̀ síwájú kó sì ṣubú, ní "yíyọ̀ àpáta", àwọn kan sì ti ń kí wọn kú ọpọlọ. Ẹ má bínú sí mi ẹ̀gbọ́n, èmi ò gbà. Ohun tó bá yọ̀, ìdí rẹ̀ ló ń lọ. Èyí tí à ń wí yìí, orí ló ń ṣáájú, ìdí ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ wo àwọn òkè quartzite (òkúta líle kan) tó wà láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè títí dé Erin-Ìjẹ̀ṣà, ìtòsí Iléṣà wa níbí náà ni. Ká ní wọ́n fẹ́ la títì gba irú òkè onípele bẹ́ẹ̀, tí kàtàpílà gé e bí ògiri. Tí àwọn ìpele bá dà wá sọ́dọ̀ títì, wọ́n lè yọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ inú òkè ni wọ́n dà sí, tí wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán bíi pákó tí wọ́n tò lóòró, orí wọn á kọ sí títì, tiwájú á tẹ̀, tẹ̀yìn á rí àyè tẹ̀ lé e.

Bí wọ́n ṣe gé e ló wà ńbẹ̀ jàre. Goodman àti Bray, àwọn onímọ̀ nípa àpáta, ti là á sílẹ̀ láti 1976. Ká ní ìpele kan ò lè yọ̀ lórí èkejì àfi tó bá dà ju dìgírì 30 lọ (láti ilẹ̀ títẹ́ la ti ń wọn gbogbo dìgírì yìí). Tí wọ́n bá gé ojú òkè ní dìgírì 70, ìpele tó bá ti dà sínú òkè tó 50 ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Tí wọ́n bá rọra gé e ní 45, àfi tó bá dà tó 75. Òkè kan náà o!

Ẹ̀gbọ́n á ní ṣebí yíyọ̀ náà wà ńbẹ̀. Ó wà, láàárín ìpele sí ìpele ni, gbogbo òkè kọ́ ló ń yọ̀. Ẹ tún wo bulọ́ọ̀kù àpáta tó dá dúró, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó ga ní mítà kan àbọ̀, tí ibi tó jókòó lé dà sí títì ní dìgírì 20 péré. 20 ò tó 30, kò ní yọ̀ rárá, síbẹ̀ á ṣubú síwájú torí ó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Kí la fẹ́ pe ìyẹn?

"Wíwó" ò burú, àmọ́ ilé ń wó, ọjà ń wó, gbogbo nǹkan ló ń wó. "Dídojúbolẹ̀" ni tèmi, èyí tó tẹ̀ kó tó kán, ká pè é ní "títẹ̀ dojúbolẹ̀". Ọmọ Òṣómàáló ni mí, màá lóṣòó ti ọ̀rọ̀ yìí ni.

Èyí tí mo ń wá orúkọ fún báyìí ni àwọn àtẹ̀gùn kéékèèké tó máa ń yọ lókè ibi tí òkè ti ń tẹ̀, tí wọ́n kọjú sínú òkè dípò títì, tí ojú ibi tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ta ló ní nǹkan?