Oúnjẹ inú fíríísà mi ń bàjẹ́, mo sì mọ ẹni tó ń ṣe é. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Dárà (Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, inú ló ń bí mi.

Nínú oṣù kejì tí tòmátì pọ̀ ni mo sọ fún ara mi pé ọjà ojoojúmọ́ tó gẹ́ẹ́. Mo gba Ṣáṣá lọ, mo ra odidi apẹ̀rẹ̀ kan, mo ra tàtàṣé àti ata rodo sí i, mo lọ gbogbo ẹ̀, mo sè é títí omi ẹ̀ fi gbẹ, mo wá dì í sí náílọ́ọ̀nù. Náílọ́ọ̀nù kan, ọbẹ̀ kan. Èmi àti àwọn ìyá mẹ́ta kan dáwó ra páálí ẹja Títù, a pín in. Ẹran ìkómọ tí wọ́n fún wa náà wọbẹ̀. Ọkọ mi kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín ni, ó ní ṣé ogun fẹ́ jà ni. Nígbà tí mi ò béèrè owó ọbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó panu mọ́.

Oṣù kẹrin wọlé, nǹkan yí padà. Màá ṣí fíríísà, ata á ti kan. Ẹja á ti rọ̀, omi ẹ̀jẹ̀ á ti ṣàn sí ìsàlẹ̀, á tún wá dì mọ́ ibẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ata mọ́kànlá ni mo dà nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gúsí tí mo sè sílẹ̀ nítorí ọjọ́ ìbí Dárà, ajá àdúgbò ló jẹ ẹ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Ìparí oṣù kẹta ni àbúrò ọkọ mi obìnrin dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun wá ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ní kí wọ́n ṣe. Ọmọ yìí kì í fọ abọ́. Fóònù ló ń tẹ̀ di aago méjì òru. Ojú mi báyìí ló ṣe sọ pé, "Àǹtí, kí ni gbogbo òkú ẹran yìí wà fún?" Ibi tí fíríísà ń gbà iná náà ló ti ń lọ aṣọ, tó bá sì lọṣọ tán kì í dá wáyà padà. Mo ti ká a mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé wọ́n lè bá mi fi àgádágodo sí fíríísà? Báwo ni mo sì ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ mi tí kò ní dìjà?

Ìyá Ìbejì:
Ìwọ Ìyá Dárà, ta ló ní kí o lọ kó oúnjẹ oṣù mẹ́ta pamọ́ ní Nàìjíríà? Ìyá mi bí mẹ́sàn-án, kò ní fíríísà. Ẹja tó bá ṣẹ́ kù, orí ààrò ló ń gbà lọ, wọ́n á yan án gbẹ, a ó sì jẹ ẹ́ títí. Gbogbo yín ti sọ ara yín di òyìnbó.

Bàbá Aláàtúnṣe:
Iṣẹ́ mi rèé, ọdún mọ́kànlélógún. Kí a tó máa pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ dáhùn: wákàtí mélòó ni iná ń ṣe lójúmọ́? Ṣé fíríísà olóròó ni àbí èyí tó ń ṣí lókè? Ṣé tuntun ni àbí tòkúnbọ̀? Ìrọ́bà ẹnu ẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi bébà há a lẹ́nu, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, kí ẹ fà á. Tó bá yọ wọ́ọ́, atẹ́gùn ń wọlé nìyẹn. Ṣé ẹ máa ń gbé oúnjẹ gbígbóná sínú ẹ̀?

Bùnmi tó wà ní Peckham:
Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi máa ń se ọbẹ̀ oṣù kan ní Sátidé kan ṣoṣo. Mo máa ń kọ déètì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó pẹ́ jù là ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, mo máa ń bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2, mo máa ń jù ú sínú omi tútù, mo fún un, mo wá dì í ní ṣùṣù. Kì í dúdú. Móínmóín ló dára jù nínú gbogbo ẹ̀, ewédú nìkan ni mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń rí lẹ́yìn tó bá yọ́.

Ọmọ Ògùnpa:
Ẹ̀yin tí iná yín kì í lọ, ẹ jẹ́ kí á sinmi. Àbí ẹ fẹ́ fi wáyà fa iná Peckham wá sí Apẹ̀tẹ̀ ni?

Bùnmi tó wà ní Peckham:
Ìmọ̀ràn ni mo gbà wọ́n, mi ò bú ẹnikẹ́ni. Iná ibí náà ń wọ́n wa lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò mọ̀.

Ìyá Dárà:
@Bàbá Aláàtúnṣe, ẹ ṣé sà. Iná kọ́ ni ìṣòro. Band C ni wá, ó ń tó wákàtí 12, ìgbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó ń ṣí lókè ni, tòkúnbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó lágbára ju tuntun lọ. Mi ò kì í gbé oúnjẹ gbígbóná sínú ẹ̀, èmi kì í ṣe ọmọdé. Ìyá Ìbejì, ààrò wo ni kí n dá sí ilé àyágbé? Ẹ dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ àgádágodo.

Nọ́ọ̀sì Adéọ̀yọ́:
Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un, torí mo rí i pé ẹ ní ẹja yọ́, ó tún dì. Òtútù kì í pa kòkòrò àìsàn o, ó kàn ń mú wọn sùn ni. Bó bá yọ́, wọ́n á jí. Fíríísà gbọ́dọ̀ wà ní òdo dín ní 18 (-18°C). Oúnjẹ tó ṣì ní yìnyín lára, ẹ lè dá a padà. Èyí tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́ fún ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù, kódà bí kò bá tíì rùn. Títù àti kótè burú jù nínú gbogbo ẹ̀: tí ooru bá ti bá wọn, oró kan máa ń jáde lára wọn tí sísè kò lè pa, ì báà jẹ́ pé ẹ sè é di ọ̀la. Ara á máa yún èèyàn, ojú á pọ́n, orí á fọ́.

Ìyá Dárà:
Ẹ̀rù bà mí o. Ara Dárà yún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rò pé ooru ni, mo fi páúdà pa á lára.

Nọ́ọ̀sì Adéọ̀yọ́:
Ẹ da gbogbo ẹja yẹn nù lónìí. Kì í ṣe lọ́la. Tó bá tún yún un, ẹ gbé e wá sí ọsibítù.

Ìyá Ìbejì:
Kí ni mo sọ? Ẹja yíyan ìyá mi kò yún wa lára rí.

Alhaja Òkè-Àdó:
Ẹ̀yin èèyàn, agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìyá Dárà, kí o tó ra àgádágodo, ṣe èyí. Bu omi sínú ife, jẹ́ kó dì gbagidi nínú fíríísà. Fi owó ẹyọ kan lé e lórí. Ta ló tún ń rí kọ́bọ̀ lóde òní ṣá, nọ́ọ̀tì onírin náà á ṣe é. Wò ó láràárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ṣì wà lókè, nǹkan ò yọ́. Tó bá ti rì, wàá mọ ọjọ́ àti àsìkò tó rì. Èmi fi mọ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ mi ò jẹ̀bi nígbà kan. Jẹnẹrétọ̀ ọkọ mi ni kò gbé e.

Ọmọ Ògùnpa:
Ó dà bí ìwádìí ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ ká dúró.

*(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)*

Ìyá Dárà:
Ẹ ṣé, Alhaja. Mo ṣe é. Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀tì ò kúrò lójú kan. Alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo bá a ní àárín ife, àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ó ti dénú ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá rú mi lójú, torí ọmọ yẹn ò sí nílé.

Alhaja Òkè-Àdó:
Ó rìnrìn àjò ni?

Ìyá Dárà:
Mo ti ní kí ó kó ẹrù ẹ̀ lọ ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Sàǹgó, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n tó kọ̀wé síbí. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ ni.

Alhaja Òkè-Àdó:
Subhanallah.

Bàbá Aláàtúnṣe:
Ẹ jẹ́ kí á parí ọ̀kan ná. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kìíní? Kí ló tún wà nínú fíríísà yẹn yàtọ̀ sí oúnjẹ?

Ìyá Dárà:
Kò sí nǹkan kan. Píọ̀wọ́tà ni.

Bàbá Aláàtúnṣe:
Mélòó?

Ìyá Dárà:
Báàgì mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n já a fún mi. Mo máa ń tà á fáwọn ọmọ ilé ìwé àti àwọn ọlọ́kadà, oòrùn oṣù kẹrin yìí ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Owó kékeré ni, òun ni mo fi ń ra yúníìtì iná tí fíríísà ń jẹ. Ẹ má wò ó bíi pé mò ń ṣe nǹkan burúkú.

Bàbá Aláàtúnṣe:
Hẹn-ẹ́n! Ẹ bá mi kà á. Báàgì kan, ogún ọ̀rá. Ọ̀rá kan, ìdajì lítà. Báàgì mẹ́ta, lítà 30 omi tí oòrùn ti yan. Ẹ dà á lé ata àti ẹja lórí, iná wá lọ, ẹ sì ní kí wọ́n má yọ́. Fíríísà tó kún fún nǹkan tó ti dì, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè gbà tó wákàtí 48 láìsí iná. Tiyín kún fún omi gbígbóná. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń ṣí i lóòjọ́?

Ìyá Dárà:
Ẹni tó bá fẹ́ rà á là ń ṣí i fún. Ọmọ mi ló máa ń bá mi mú un tí mi ò bá sí nílé.

Ọmọ Ògùnpa:
Àwọn ọlọ́kadà Apẹ̀tẹ̀ ló jẹ ẹ̀gúsí yẹn o 😂

Ìyá Ìbejì:
Ìwọ lo ní o kì í gbé nǹkan gbígbóná sínú ẹ̀.

Ìyá Dárà:
Oúnjẹ gbígbóná ni wọ́n bi mí. Omi kọ́. Wáyà tó ń yọ ńkọ́? Mo ká a mọ́ ọn o, mi ò purọ́.

Bàbá Aláàtúnṣe:
Ó lè yọ wáyà lẹ́ẹ̀kan. Òun kọ́ ló rì nọ́ọ̀tì. Tí ẹ ò bá lè fi omi sílẹ̀, ẹ wá fíríìjì kékeré fún un. Tí kò bá sí owó, báàgì kan ni kí ẹ máa kó sí i lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, apá ọ̀tọ̀ ni kí ó wà, kí ó má kan oúnjẹ. Ìgò omi tó ti dì, ẹ fi yí oúnjẹ ká. Ẹ má sì fi ọ̀bẹ gún yìnyín ara ògiri ẹ̀, gáàsì ló máa tú.

Bùnmi tó wà ní Peckham:
Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù ata pẹrẹsẹ bíi ìwé kí ẹ tó gbé e wọlé. Ó máa ń yá dì ju èyí tó rí roboto lọ.

Alhaja Òkè-Àdó:
Gbogbo ìyẹn dára. Ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ọkọ rẹ náà lo lé jáde yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Kí lo máa ń pè é tẹ́lẹ̀?

Ìyá Dárà:
Ìbàdí-àrán.

Mo ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀, kò gbé e. Mo ti ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bàbá Aláàtúnṣe, mo fi bébà há ẹnu fíríísà bí ẹ ṣe wí. Ó yọ wọ́ọ́. Èló ni ìrọ́bà ẹ̀?